Òtútù ń bọ̀ ní Houston: bí a ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, àti ohun tó yẹ ká ṣe kí páìpù tó bẹ́

TuntunNíKaty kọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà Houston. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá. Àwòrán NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun, kun gbogbo Texas ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n ní wíńtà yìí á lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣé kí n má wulẹ̀ ra nǹkan kan nìyẹn? Ẹnì kan sì fi máàpù ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òjò dídì íǹṣì 9 máa já lù wá ní ọjọ́ méjìlá sí i. Èwo ni kí èèyàn gbà gbọ́? Ìkẹta, ilé pẹrẹsẹ la yá, hítà omi wà nínú àjà, ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Kí ni ẹni tí kò mọ òtútù ibí máa kọ́kọ́ ṣe?

AwòSánmà kọ:
Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ti orí àwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Climate Prediction Center ti NOAA, tí wọ́n ń pè ní CPC, ló ń ya àwòrán yẹn, ó sì ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣooṣù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ń kó pa pọ̀. Ohun tó ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: tí a bá ro oṣù mẹ́ta náà pọ̀, ṣé á gbóná ju bó ṣe máa ń rí, ṣé á wà bó ṣe máa ń wà, àbí á tutù jù ú lọ? Tí kò bá sí ohun tó ń tì í síbì kan, ìdá 33 nínú 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ibi tí wọ́n ń kọ EC sí nìyẹn. Ká ní wọ́n wá kọ 45 sí ìhà ìgbóná. Ìdá 33 ṣì wà fún àárín, nǹkan bíi 22 sì kù fún òtútù. Wíńtà kan nínú márùn-ún lè tutù ju bó ṣe yẹ lábẹ́ àwọ̀ ọsàn yẹn, kí ẹni tó ya àwòrán má sì jẹ̀bi.

Èyí tó burú jù ni pé àròpọ̀ ń bo òru mọ́lẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n pò mọ́ra wọn. Òru mẹ́ta péré ti tó láti sọ àjà yín di odò.

Ẹ wo ẹ̀rí. Wíńtà 2020 sí 2021, La Niña ló wà lójú òkun, ìyẹn ni pé omi Pàsífíìkì tó wà lágbedeméjì ayé tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè réré tó ń darí ìjì kiri máa ń fà sí àríwá, Texas á gbẹ, á sì móoru díẹ̀. Àwòrán CPC sọ bẹ́ẹ̀ náà. Oṣù Kejì 2021 dé, pápákọ̀ òfuurufú IAH já sí dígírì 13 Fahrenheit lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ìyẹn bíi 10.6 nísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4.5 ló wà lókùnkùn ní Texas, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ka òkú 246. Oṣù Kejìlá 2022, La Niña tún ni, omi tún dì. Ọjọ́ 21 oṣù Kíní 2025, La Niña kékeré, òjò dídì bo Houston, àwọn NWS (iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀) ti Lake Charles tó múlé tì wá sì kéde ìkìlọ̀ blizzard, ìyẹn ìjì òjò dídì, àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì wọn kéde rí. Wíńtà mẹ́ta, àwọ̀ ọsàn kan náà.

Ìdí ni pé láti Kánádà títí dé etíkun wa, pẹrẹsẹ ni ilẹ̀. Kò sí òkè tó dábùú ọ̀nà. Tí afẹ́fẹ́ tútù bá já lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀, ó sì lè gba dígírì 30 kúrò lára ojú ọjọ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ lè wọ bùbá lọ sọ́jà láàárọ̀ kí ẹ máa gbọ̀n padà bọ̀ wálé lọ́sàn-án.

Torí náà, ẹ lo ìwòye oṣù mẹ́ta fún owó iná àti gáàsì, tàbí kí ẹ fi mọ̀ bóyá ọ̀dá máa dá. Ẹ má fi pinnu ọ̀rọ̀ páìpù.

BàbáÌyábọ̀_Alief kọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ polar vortex tí wọ́n ń pariwo ńkọ́?

AwòSánmà kọ:
Ẹ̀gbọ́n, ìjì yíyí ni, ó wà lókè réré lórí àríwá ayé, ó sì ń so afẹ́fẹ́ tútù mọ́lẹ̀ síbẹ̀ bí ẹní so ewúrẹ́ mọ́ igi. Nígbà mìíràn òkè náà á gbóná lójijì, okùn á sì dẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní 2021. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn irú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òtútù já wá sísàlẹ̀. Àmọ́ ewúrẹ́ tó já lè gba Yúróòpù lọ, ó lè gba Éṣíà. Ẹ fi ṣe ìdí láti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú ọjọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Máàpù WhatsApp yẹn wá. Ẹ wo igun rẹ̀. Tí ẹ bá rí GFS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà tó ń ṣírò ojú ọjọ́, tí iye wákàtí tó wà níbẹ̀ sì lé ní 200, ẹ pa á rẹ́, ẹ dákun ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni kọ̀ǹpútà GFS ń ṣe ìṣirò rẹ̀, èyí tó wá lárọ̀ọ́ lè sọ íǹṣì 9, ti ọ̀sán á sọ òdo. Ẹni tó ń tan máàpù kálẹ̀ máa ń mú èyí tó bani lẹ́rù jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn máàpù òjò dídì kan tún ń ka yìnyín wẹ́wẹ́ mọ́ òjò dídì, tí íǹṣì fi ń wú bí búrẹ́dì.

Ohun tó yẹ ká wò ni àkópọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, GFS ń ṣe ìṣirò 31 tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ síra, ti Yúróòpù ń ṣe 51. Tí 40 nínú 51 bá sọ pé òtútù ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti ń di gidi. Tí mẹ́fà bá sọ ọ́, ẹ máa jẹun yín. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: òtútù rọrùn láti rí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òjò dídì kò rọrùn rárá, torí dígírì méjì péré lókè lè sọ ọ́ di òjò lásán.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, CPC ń gbé e jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kàn fojú bà á. Ọjọ́ 8 sí 14 àti ọjọ́ 6 sí 10 ń jáde lójoojúmọ́. Tí àwọ̀ búlúù, ìyẹn ti òtútù, bá dúró lórí wa ní ọjọ́ mẹ́ta léra, ẹ lọ ra fóòmù kó tó tán lọ́jà. Láti ọjọ́ méje wálẹ̀, weather.gov ni, ẹ fi ZIP yín síbẹ̀. Ẹ tẹ Hourly Weather Graph nísàlẹ̀ ojú ewé. Ìlà pupa ni ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́. Ẹ ka wákàtí tó fi wà lábẹ́ 32 Fahrenheit, kí ẹ tún ka èyí tó fi wà lábẹ́ 25. Wákàtí mẹ́ta lábẹ́ 32 kò ju kí ewéko gbà á lára. Wákàtí méjìlá lábẹ́ 25, ilé ló wà nínú ewu. Ẹ tún ka Forecast Discussion wọn, ibẹ̀ ni àwọn NWS Houston/Galveston ti ń sọ fúnra wọn ibi tí ọkàn wọn kò tíì balẹ̀ sí. Ó ju áàpù inú fóònù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun méjì péré ló kù. Wind chill, ìyẹn bí òtútù àti atẹ́gùn ṣe ń rí lára, ara èèyàn ló ń sọ. Páìpù kì í tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Tí wọ́n bá ní 18 ló wà níta tí ara sì ń gbọ́ 5, 18 ni páìpù yín mọ̀, àfi pé atẹ́gùn ń tètè gbé òtútù náà wọ inú ihò ògiri. Èkejì, nọ́ńbà tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń jẹ́ ti pápákọ̀ òfuurufú IAH tàbí Hobby. Katy, Cypress àti Conroe lè tutù dáadáa ju ẹ̀bá Galveston lọ ní òru tí ojú sánmà mọ́.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì kọ:
Kí n fi kún un: láti oṣù Kẹwàá 2024, NWS ti yí orúkọ ìkìlọ̀ padà. Kò sí Hard Freeze Warning mọ́, Freeze Warning lásán ni wọ́n ń kọ báyìí, bó ti wù kó le tó. Wind Chill Warning ti di Extreme Cold Warning. Nítorí náà ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ "hard" kí ẹ tó dìde. Inú ìkìlọ̀ náà ni kí ẹ ti wá nọ́ńbà.

Oníṣẹ́Páìpù kọ:
Ká tó débi aṣọ àti fóòmù, ẹ mọ ohun tó ń mú páìpù bẹ́. Omi tó di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Yìnyín á dí páìpù níbì kan bí ìdérí ìgò. Omi tó wà láàárín yìnyín yẹn àti ẹ̀rọ omi tí ẹ tì pa kò ríbi lọ, ó ń há, ó ń há, páìpù á sì bẹ́ níbi tó rọ̀ jù, lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí yìnyín kò tilẹ̀ sí. Ẹ kò ní mọ̀ títí oòrùn á fi yọ tí yìnyín á yọ́, lẹ́yìn náà lẹ óò gbọ́ ìró òjò nínú àjà.

Omi inú abọ́ ń dì ní 32. Páìpù inú àjà tí kò ní aṣọ lára, nǹkan bíi 20 ni ewu gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá pẹ́ níbẹ̀. Ilé Houston burú fún èyí torí ooru ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ́ ọ: páìpù ń gba inú àjà, hítà omi ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ ìta sì wà lára ògiri gbangba. Páìpù bàbà ń ya gbọọrọ. CPVC, ike líle, ń fọ́ bí àwo. PEX, ike rírọ̀, a máa fà díẹ̀, àmọ́ orí ìsopọ̀ rẹ̀ ń ya.

Ohun àkọ́kọ́, kódà kó tó tutù: ẹ wá ibi tí a ti ń ti omi gbogbo ilé pa. Ó sábà máa ń wà lára ògiri ìta níbi tí omi ti ń wọlé, nítòsí ẹ̀rọ ìta iwájú ilé. Tó bá ní ọwọ́ gígùn, tí ọwọ́ náà bá dábùú páìpù, ó ti wà ní títì. Tó bá wà lójú kan náà pẹ̀lú páìpù, ó ṣí. Tó bá jẹ́ rìbìtì bí ọwọ́ ọkọ̀, ẹ yí i sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́, ìdè rẹ̀ ti gbó, ó lè kán. Ẹ dán an wò lónìí. Ẹni tí kò bá rí i ti ilé rẹ̀, èyí tó wà nínú àpótí mítà lẹ́bàá títì ló kù, kọ́kọ́rọ́ gígùn tí wọ́n fi ń yí i sì wà ní ilé ìtajà ohun èlò ilé. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bi onílé kí òtútù tó dé, kì í ṣe láago méjì òru.

Ẹ̀rọ ìta wá. Ẹ yọ rọ́bà tí ẹ fi ń fọ́n omi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ á há sẹ́yìn wọ ara ògiri. Ẹ mú táwẹ̀lì gbígbẹ, ẹ wé e mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹní wé gèlè, yípo mẹ́ta, kó fi ara mọ́ ògiri pátápátá. Ẹ wá fi ọ̀rá dì í lórí, ẹnu ọ̀rá kó kọjú sílẹ̀, kí ẹ fi téèpù lẹ òkè rẹ̀ mọ́ra. Tí ẹnu ọ̀rá bá kọjú sókè, òjò á wọ̀ ọ́, táwẹ̀lì tútù sì burú ju kó má sí táwẹ̀lì lọ. Ìdérí fóòmù tí wọ́n ń tà dáa jù, àmọ́ òun ló ń kọ́kọ́ tán.

Nínú àjà, ẹ wọn ìbú páìpù: ìdajì íǹṣì ló wọ́pọ̀, àwọn kan jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Fóòmù tó fẹ̀ jù kì í di ooru mú. Ẹ kọjú ojú ibi tó là sí ìsàlẹ̀, ẹ fi téèpù dè é ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan. Ibi ìgbọ̀nwọ́ ni èèyàn ń fò, ibẹ̀ gan-an ló sì ń bẹ́. Ẹ gé fóòmù ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè pàdé. Ẹ má gbé òwú tó ń di ooru mú tó wà nílẹ̀ àjà kúrò lórí páìpù tó sùn sábẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ tó bá tutù: ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀ kí ooru ilé lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó jìnnà jù sí ibi tí omi ti ń wọlé máa kán, gbígbóná àti tútù. Kó máa kán tẹ̀léra ni, kì í ṣe kó máa ṣàn. Kì í ṣe torí pé omi tó ń rìn kì í dì. Ó ń jẹ́ kí omi tó há ríbi jáde ni.

ÌyáÌbejì_Richmond kọ:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra lórí kíkán yẹn. Lọ́dún 2021, ìlú Houston fúnra rẹ̀ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán, torí gbogbo ìlú ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, agbára omi sì lọ sílẹ̀, débi pé wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Tí agbára omi bá lọ sílẹ̀, kíkán kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Oníṣẹ́Páìpù kọ:
Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Tí iná bá wà, tó jẹ́ òru kan, tí ìlú kò sì ní ká má ṣe é, ẹ̀rọ kan péré ni kó máa kán, kì í ṣe mẹ́fà. Tí iná bá ti kú, tí wọ́n sì ní yóò tó wákàtí mẹ́fà lábẹ́ 20, tàbí tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ ti omi pa kí ẹ sì tú u dànù:

1. Ẹ kọ́kọ́ kún ọpọ́n ìwẹ̀ fún ilé ìgbẹ́, nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan ń gbà. Ẹ bu omi mímu lọ́tọ̀: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta.
2. Ẹ pa hítà omi. Ti gáàsì, ẹ yí i sí Pilot. Ti iná mànàmáná, ẹ pa breaker rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé, tí táǹkì sì gbẹ, irin inú rẹ̀ á jó kí ẹ tó mọ̀.
3. Ẹ ti omi gbogbo ilé pa.
4. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, gbígbóná àti tútù, kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ ìta tó wà nísàlẹ̀ jù. Òkè kó gba afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ kó tú. Tí ẹ bá ṣí ìsàlẹ̀ nìkan, omi á rọ̀ mọ́ inú páìpù bí ti inú strọ́ọ̀ tí ẹ fìka dí lẹ́nu.
5. Ẹ fọ́n ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi àwọn ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hítà aláìní-táǹkì lára ògiri ìta: ẹ̀rọ kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń lé òtútù, àmọ́ iná mànàmáná ló fi ń ṣiṣẹ́. Iná bá kú, ààbò bá a lọ. Ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù láti fáàfù kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ báyìí, kì í ṣe torí òtútù nìkan, torí àwọn èèyàn gbà pé ó ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Oníná_MissouriCity kọ:
Texas ní iná tirẹ̀, ERCOT ló ń darí rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá sí ti ìpínlẹ̀ yòókù. Tí tiwa bá há, ìba díẹ̀ la lè rí yá. Ní oṣù Kejì 2021, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 ló kù kí gbogbo rẹ̀ dá wọlẹ̀. Wọ́n ti ṣòfin lẹ́yìn rẹ̀ pé kí àwọn tó ń pèsè iná fi aṣọ wọ ẹ̀rọ wọn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ ERCOT. Tó bá kàn ní ká dín iná kù, ẹ dín in kù. Tó bá di EEA (ìkìlọ̀ pàjáwìrì iná) ìpele kẹta, wọ́n ti ń gé iná nìyẹn.

Thermostat: 68 tó. Ẹni tó ń lo heat pump, ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń fa ooru láti ìta wọlé, kó má sọ ọ́ sí 60 lóru kó tún gbé e sí 72 lárọ̀ọ́. Irin gbígbóná ìrànwọ́ inú rẹ̀ á tàn, ó sì ń jẹ iná gan-an. Tí ẹ bá rí èéfín funfun lára heat pump tó wà níta, kò jóná, yìnyín ló ń yọ́ kúrò lára rẹ̀. Tí iná bá kú, ẹ pa hítà ilé. Bó bá padà dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó tàn án.

Hítà kékeré tí wọ́n ń gbé kiri: wáàtì 1,500 ń fa áńpìà 12.5. Lórí ìlà áńpìà 15, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Inú sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe wáyà extension, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀ àti kọ́tìnì tàbí bẹ́ẹ̀dì.

Jẹnẹrétọ̀: gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti ilé, ìyẹn gan-an ló ń pa wá. Bálíkónì ní Èkó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gáréèjì ibí há. Ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, èéfín kó kọjú síta. Gáréèjì tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tó. Ẹ má sì fi wáyà olórí-méjì ti iná wọ inú sókẹ́ẹ̀tì: láìsí changeover, iná yín á gba wáyà títì lọ pa ẹni tó ń tún un ṣe.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì kọ:
Kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n parí sí. Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Èédú, kóòlù pọ́ọ̀tù, ẹ̀rọ ìsun-ẹran, ọkọ̀ tí ẹ tàn nínú gáréèjì, ààrò gáàsì tí ẹ ṣí kó lè mú ilé gbóná: kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Àmì rẹ̀ jọ ọ̀fìnkìn: orí fífọ́, òòyì, èébì. Àmọ́ ọ̀fìnkìn kì í mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí orí ẹni mẹ́ta bá ń fọ́ pa pọ̀, ẹ jáde síta ná kí ẹ tó pe 911. Ẹ ra alámì rẹ̀ tó ń lo bátìrì, kí ọ̀kan wà nítòsí yàrá tí ẹ ń sùn.

Ẹni tó ní sickle cell, òtútù lè dá ìrora sílẹ̀: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dáa ju ẹyọ nínípọn kan lọ, kó máa mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, kí oògùn rẹ̀ má sì ku ọjọ́ méjì. Ẹ má kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ sórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nínú ibùsùn rẹ̀. Aṣọ oorun tó bo ẹsẹ̀ ni. Bàbá tàbí ìyá àgbà tí wọ́n ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá dákẹ́ gbígbọ̀n tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, kò tíì sàn o, ó ti le sí i. 911 ni.

TuntunNíKaty kọ:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ewúro mi ńkọ́?

Àgbẹ̀Ẹ̀yìnkùlé kọ:
Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ewúro kì í tètè kú. Ewé á dúdú, ẹ̀ka á gbẹ, gbòǹgbò á wà láàyè. Orí gbòǹgbò ni iṣẹ́ wà: ẹ kó ewé gbígbẹ tàbí èépá igi jọ sí ìdí rẹ̀, kó ga tó íǹṣì mẹ́fà, kó sì fẹ̀ bí odó ìyán. Ẹ já ewé tó bá kù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó o sínú fíríísà, ìrì dídì á gbà á lọ́wọ́ yín bí ẹ kò bá já a.

Ọjọ́ tó ṣáájú òtútù, ẹ fi omi rin ilẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ewé. Ilẹ̀ tútù ń di ooru ọ̀sán mú ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ẹ fi aṣọ bo ewéko náà kó tó di pé oòrùn wọ̀, aṣọ ibùsùn àtijọ́ dáa, kó sì dé ilẹ̀ yíká, kí ẹ fi bíríkì tẹ etí rẹ̀, torí ilẹ̀ ni ooru ti ń wá. Ẹni tó so aṣọ mọ́ ìdí igi bí ẹní dé fìlà fún un ti sé ooru ilẹ̀ mọ́ ìta. Ọ̀rá kò gbọdọ̀ kan ewé. Ibi tó bá kàn ló ń jó. Láàárọ̀, tó bá ti kọjá 40, ẹ ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oòrùn á sè é.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀: ewé á lọ, ẹ má banú jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ èso, ẹ gbìyànjú láti pa ìtì rẹ̀ mọ́: ẹ gé ewé, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìtì náà láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ kó èépá sí ìdí rẹ̀. Ìtì tó bá dì máa rọ̀ bí fùfú, á sì rùn. Ẹ gé e títí ẹ ó fi rí funfun tó le. Ọmọ tuntun á hù láti ìdí. Ata rodo, ẹ wú u sínú ìkòkò kí ẹ gbé e wọlé, ó lè lò ju ọdún kan lọ. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ẹ gba irúgbìn wọn pa mọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Àṣìṣe tó ń pa ewúro ju òtútù lọ: ẹni tó rí ẹ̀ka gbígbẹ ní oṣù Kíní, tó mú àdá. Gígé ń jẹ́ kó yọ ọ̀mùnú, òtútù oṣù Kejì á sì pa ọ̀mùnú náà. Ẹ fi ẹ̀ka gbígbẹ yẹn sílẹ̀ títí dé oṣù Kẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀: tó bá tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́, ó wà láàyè; tó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí i kí ẹ tún ha á, ibi tó bá ti tutù ni kí ẹ ti gé e.

Awakọ̀I10 kọ:
Ní kúkúrú. Afárá ń dì ṣáájú títì torí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀, Houston sì kún fún afárá lórí afárá. Òjò tó ń dì lára ohun tó bá bà lé burú ju òjò dídì lọ: títì á dán bí ẹni pé omi lásán ló wà níbẹ̀. Ìkànnì Houston TranStar àti DriveTexas ń fi ibi tó dì hàn. Táyà ń pàdánù nǹkan bíi psi kan fún dígírì mẹ́wàá tó bá lọ sílẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ tó kú lárọ̀ọ́ òtútù, ooru oṣù Kẹjọ ló ti pa á. Ẹ dán an wò kó tó dé. Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì iwájú ọkọ̀.

BàbáÌyábọ̀_Alief kọ:
Ìbéèrè kan ṣoṣo. Tí òtútù bá ti lọ, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé páìpù kankan ò bẹ́ kó tó ṣí omi padà?

Oníṣẹ́Páìpù kọ:
Ẹ dúró kó kọjá 32 fún wákàtí mélòó kan, kí inú àjà náà lè yọ́. Ẹni kan dúró níbi fáàfù, ẹnì kejì nínú ilé lábẹ́ àjà, kí ó dákẹ́. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa àfi ọ̀kan tó wà lókè jù, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ ṣí fáàfù ní ìdá mẹ́rin péré. Ẹ̀rọ yẹn á máa tutọ́, lẹ́yìn náà omi á máa ṣàn gbọọrọ. Ẹ ti òun náà pa.

Ẹ wá lọ sí àpótí mítà lẹ́bàá títì, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kékeré. Lórí àwọn mítà ọlọ́wọ́, igun mẹ́ta pupa kan tó kéré bí ọmọ ẹ̀wà wà lójú rẹ̀. Àwọn tuntun ń fi nọ́ńbà tó ń yí hàn. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ṣí fáàfù tán. Tó bá ń yí, bó ti wù kó rọra tó, omi ń lọ síbì kan tí ẹ kò rí, ẹ tì í padà kí ẹ tó gun àjà. Ọjọ́ kejì, ẹ tún wò ó, torí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ya lára bàbà lè fara dà á fún òru kan kó tó là.

Hítà omi ni ẹ máa tàn kẹ́yìn, nígbà tí omi gbígbóná bá ti ń ṣàn láìtutọ́ mọ́.